Ẹ̀rọ Tí Kì Í Ṣàìsàn Lójú Mẹkáníìkì

Ẹni tó bá fẹ́ rí Bàbá Pẹrẹsẹ lówùúrọ̀ kò gbọdọ̀ yà sílé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kúárì tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni kó gbà lọ, níbi tí kọ̀ńténà aláwọ̀ ewé kan wà. Kọ̀ńténà yìí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Sípánà gbé ara kọ́ sára ògiri ní títò-títò, àpótí kan wà tó fi ń jókòó, kọ̀ǹpútà kan sì wà tó fi aṣọ àlòkù bò nítorí eruku òkúta. Níwájú kọ̀ńténà náà ni ó da sìmẹ́ńtì sí, pèpéle kan tí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ méjì lè dúró sí láìfara kanra. Òun fúnra rẹ̀ ló fi okùn àti ìgò omi wọ̀n ọ́n títí tí ibì kan kò fi ga ju ibì kan lọ. Bí èèyàn bá gbé bọ́ọ̀lù ọmọdé síbẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni yóò ti bá a lọ́la. Owó tó ti àpò ara rẹ̀ wọ inú sìmẹ́ńtì náà kò kéré, ṣùgbọ́n kò fìgbà kankan kábàámọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ èèyàn wọ́n ju sìmẹ́ńtì lọ, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí nídìí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ẹ̀rọ yí lù nígbà kan lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá náà kò kú, àmọ́ ńṣe ló fi ìyókù ayé rẹ̀ rìn bí ẹni tó ń kí ilẹ̀ kúùlé ní gbogbo ìṣísẹ̀. Láti ìgbà náà ni Bàbá Pẹrẹsẹ ti ní òfin kan ṣoṣo: ẹ̀rọ tí kò bá sí lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òun kò ní fi ìka kàn án. Kó o máa sunkún, kí ọ̀gá àgbà máa pariwo lórí fóònù, kí ọkọ̀ tipá mẹ́wàá tó fẹ́ kó òkúta tò sẹ́yìn ara wọn, ohun kan náà ni yóò sọ: "Ẹ gbé e wá sórí pẹrẹsẹ!" Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ti inú ìwé owó oṣù nìkan.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Orúnkún rẹ̀ òsì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ níbi iṣẹ́, torí kúárì kì í bọ́ mẹkáníìkì tí kò lè gun àkàbà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Òun ló ń fi aṣọ gbígbóná jó o fún un nírọ̀lẹ́, tí á máa ráhùn pé orúnkún kì í ṣe bírékì, pé tó bá ti jẹ tán, kò sí ẹni tó ń ta òmíràn.

Nínú àwọn ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ tó wà nínú kúárì, èyí tó tuntun jù ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́ Kan. Ẹ̀rọ àtijọ́, bí ó bá ń ṣàìsàn, á wúkọ́, á tu èéfín dúdú, ojú á rí i, imú á gbọ́ ọ. Ọlọ́wọ́ Kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní táǹkì epo dísù bíi ti àwọn àtijọ́, ó sì tún ní táǹkì kékeré kan tí wọ́n ń bu omi èéfín sí. Omi yìí mọ́ bí omi mímu, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń fín in sínú èéfín kí májèlé inú rẹ̀ tó jáde sínú afẹ́fẹ́. Nínú táǹkì kékeré náà ni sẹ́ńsọ̀ wà, ohun kan tó tóbi tó àtàǹpàkò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tọ́ omi èéfín wò: ṣé ògidì ni, àbí wọ́n ti là á? Bí sẹ́ńsọ̀ bá ní omi náà kò dára, iná pupa á tàn, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀lẹ. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, yóò di ọjọ́ kan, kò ní gbẹ́lẹ̀ mọ́ rárá.

Àna Bàbá Pẹrẹsẹ ló ń wa Ọlọ́wọ́ Kan. Àbíkẹ́yìn nínú àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni. Ìyàwó yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn ti kú, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ló bí i. Rọra ni wọ́n ń pè é ní kúárì, torí ohun tó máa ń ké sí àwọn awakọ̀ tipá nìyẹn tí wọ́n bá ń fẹ̀yìn rìn wá bá a: "Rọra, rọra, rọra!" Bàbá Pẹrẹsẹ ló mú un wá. Lójú fọ́máànù tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ ló ti fọwọ́ sọ̀yà pé, "Bí ọmọ yìí bá ba nǹkan jẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ni wàhálà dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Rọra wa Ọlọ́wọ́ Kan dé orí pèpéle, ó wà á bí ẹni tó ń ti aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Ó fò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Káàárọ̀. Kí ló dé tó ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Iná omi èéfín ni. Bí mo ṣe tan ẹ́ńjìnnì báyìí ló tàn, gbogbo agbára ẹ̀ sì lọ. Ìgbín gan-an ì bá ti yà mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

Bàbá Pẹrẹsẹ gun ẹ̀rọ, ó yọjú wo inú rẹ̀. "Iná wo? Mi ò rí iná kankan."

Rọra náà yọjú. "Háà! Ó wà níbí báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti lọ."

"Ó rí mi, ó sá."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Pẹrẹsẹ fi kọ̀ǹpútà wò ó. Kọ̀ǹpútà ní lóòótọ́ ni iná tàn láàárọ̀, pé omi èéfín kò dára. Ó bi í pé ní báyìí ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ní omi ti dára. Ó bu omi náà díẹ̀, ó kán an sójú awò kékeré tí wọ́n fi ń wọn ògidì, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ojú ìlà tó yẹ kó dúró ló dúró sí. Ó tọ́ wáyà láti ìdí dé orí, kò rí ibi tó já tàbí ibi tí eku jẹ. Ó nu gbogbo rẹ̀, ó ní kí Rọra máa lọ. Ọlọ́wọ́ Kan ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tún dé. Rọra tún wà á wá lówùúrọ̀, iná tún tàn kó tó débẹ̀, ó sì tún kú kí Bàbá Pẹrẹsẹ tó nu ọwọ́. Ó ní ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ló ti ń ṣarán. Ó yọ ọ́, ó fi ti ẹ̀rọ kejì tó ní irú táǹkì kékeré bẹ́ẹ̀, tó máa ń sùn nítòsí ẹnu ọ̀nà, rọ́pò rẹ̀. Ìdákúrekú náà kò lọ. Ohun tó wá dàrú mọ́ ọn lójú jù ni pé sẹ́ńsọ̀ tó yọ kúrò lára Ọlọ́wọ́ Kan ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹjọ́ lára ẹ̀rọ kejì. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹ̀rọ méjèèjì. Bí ọmọ méjì bá pààrọ̀ bàtà, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan náà ló ṣì ń tiro, ṣé bàtà ló ń dùn ún?

Awakọ̀ tipá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìròyìn, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀. "Bàbá Pẹrẹsẹ, ẹ ò bá kúkú lẹ fọ́tò yín mọ́ inú ẹ̀rọ yẹn. Tí iná bá ti rí yín, á máa sá."

"Tìẹ ni màá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ọ̀hún á bínú kú pátápátá, ká lè sinmi."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Fọ́máànù nìkan ni kò rín. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni fọ́máànù, kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìgbànú pọ̀ débi pé èèyàn á ti gbọ́ ọ kó tó rí i. Ohun tó ń rò ni pé gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́wọ́ Kan bá fi ń wọ́ ẹsẹ̀, tipá ń dúró, dísù ń jó, awakọ̀ ń gba owó lórí ìjókòó. Ó pe Bàbá Pẹrẹsẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àárọ̀ nìkan ni iná yìí máa ń tàn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òru ló ṣáájú àárọ̀. Ìgbà wo ni olè ń ṣiṣẹ́?"

Bàbá Pẹrẹsẹ wò ó. "Olè kẹ̀?"

"Omi èéfín ń tà lóde. Ẹnì kan ń fà á lóru, ó ń fi omi lásán dí i. Sẹ́ńsọ̀ ò ṣarán, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ gbọ́."

"Mo wọ̀n ọ́n. Ògidì ni."

"Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ta ló ń wà á wá?"

Fọ́máànù kò dúró gbọ́ èsì. Ọjọ́ yẹn ló kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì omi èéfín wọ inú yàrá rẹ̀, ó fi àgádágodo sí ìdérí táǹkì, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe bu omi náà kọjá ìdajì táǹkì mọ́. Ó ní bí omi bá kéré, olè ò ní rí i jí púpọ̀.

Ẹ wá wo nǹkan. Dípò kí iná yìí dín kù, ojoojúmọ́ ló wá ń tàn. Àgádágodo wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìgbànú fọ́máànù, síbẹ̀ bí Rọra bá ti tan ẹ́ńjìnnì lówùúrọ̀, iná á tàn wàì. Fọ́máànù ní, "Kọ́kọ́rọ́ yìí ti ní ìbejì níbì kan." Ó ní òun fún wọn di òpin ọ̀sẹ̀. Tí wọn ò bá rí àrùn yìí, òun á kọ̀wé lé Rọra lọ, òun á sì fi ẹ̀sùn olè sínú ìwé náà. Ẹni tí kúárì bá lé báyìí, kò sí kúárì mìíràn tí yóò gbà á.

Ní báyìí, orí Bàbá Pẹrẹsẹ ti dà bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ó mọ̀ pé Rọra kì í jalè. Ó tún mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò rí èyí tó fẹ́ sọ nù nínú wọn. Bó bá ń jẹun, á gbàgbé òkèlè sọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí fọ́máànù sọ wá ń gbilẹ̀ nínú rẹ̀ bí koríko: ta ló ń wà á wá? Nínú gbogbo awakọ̀ ẹ̀rọ, Rọra nìkan ni kì í ní kí mẹkáníìkì wá bá òun níbi tí ẹ̀rọ dúró sí. Àwọn yòókù á ranṣẹ́ pè é, wọ́n á fà á títí kí wọ́n tó gbà láti gbé ẹ̀rọ wá. Ṣùgbọ́n Rọra, kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀, á ti gbé Ọlọ́wọ́ Kan dé orí pẹrẹsẹ. Kí ló ń ṣe lójú ọ̀nà tí kò fẹ́ kí ojú òun tó?

Ó gba yàrá Rọra lọ lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kò sí. Yàrá kan ni, nínú àgbàlá tí ẹ̀rọ omi kan wà láàárín. Rọra ń fọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó fa àga fún un, ó fi aṣọ nu ojú àga náà.

"Ẹ kú àbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo kàn fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kó o sì dá mi lóhùn bí ọmọ ilé." Bàbá Pẹrẹsẹ kò jókòó. "Kí ló dé tó ò jẹ́ kí n bá ẹ̀rọ yẹn níbi tó sùn sí rí? Kí ló dé tó o fi máa ń sáré gbé e wá bá mi?"

Rọra wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ká máa gbé e wá sórí pẹrẹsẹ."

"Gbogbo yín ni mo sọ fún. Ìwọ nìkan lò ń ṣe é kí n tó sọ ọ́."

Rọra tún tẹrí ba, ó ń fọ bàtà lọ. Àìfèsì náà ló bí Bàbá Pẹrẹsẹ nínú. Ẹyin sì ni ohùn.

"Kí lò ń bù sí táǹkì náà?"

Ọmọ aládùúgbò kan tó ń fa omi níwájú yàrá dá ọwọ́ dúró. Rọra gbé bàtà kalẹ̀, ó tò ó mọ́ ara wọn dáadáa, ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ sílé. Ilẹ̀ ti ń ṣú." Oòrùn ṣì wà lókè.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà. Ó sọ fún un, kò sì lè wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin náà dá ọ̀bẹ dúró.

"O bi í pé kí ló dé tó ń gbé ẹ̀rọ wá bá ọ?"

"Mo bi í. Kò rí nǹkan sọ."

"Kò lè rí nǹkan sọ, torí mo ti ní kó má sọ ọ́. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, 'Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa gun òkìtì òkúta tí ẹ̀rọ ń sùn sí, orúnkún rẹ̀ ti lọ. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún ọ, torí ìtìjú lè pa á.' Ọmọ yẹn ń jí ṣáájú gbogbo èèyàn nítorí orúnkún rẹ. Ìwọ wá lọ bá a nílé rẹ̀, o pè é lólè lójú ará àdúgbò."

"Mi ò pè é lólè."

"Kí lo pè é?"

Obìnrin náà padà sórí àlùbọ́sà rẹ̀. Kò pariwo, kò sì jó orúnkún fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kàn gbé aṣọ gbígbóná náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Bàbá Pẹrẹsẹ jókòó tì í títí aṣọ náà fi tutù. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ìtìjú kò tún wáyà ọ̀rọ̀ náà ṣe: tí Rọra kò bá bu nǹkan kan sí i, ta ló ń bà á jẹ́ lóru?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá Pẹrẹsẹ dúró lórí pèpéle rẹ̀, kò rí Ọlọ́wọ́ Kan. Ó dúró. Tipá méjì kọjá. Ìròyìn yọrí síta, ó rí ojú rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ mì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mọra. Ní ìgbẹ̀yìn ó gbé fóònù.

"Ẹ̀rọ dà?"

"Ó wà lórí òkìtì, níbi tó sùn sí." Ohùn Rọra tutù. "Iná ti tàn. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ wá bá a níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo bu nǹkan kan sí i lójú ọ̀nà."

Báyìí ni Bàbá Pẹrẹsẹ ṣe gun òkìtì òkúta fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kúárì ti di adágún. Fọ́máànù fúnra rẹ̀ ló ti pàṣẹ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ sùn nísàlẹ̀ mọ́, torí omi ti mu ẹ̀rọ kan dé ìdí ìjókòó lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ayé ló mọ àṣẹ yìí. Bàbá Pẹrẹsẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ apá, ó ń fi ọwọ́ kejì di òkúta mú, orúnkún rẹ̀ ń sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Rọra dúró lókè, ó ń wò ó bọ̀. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ na ọwọ́ sí i, ló bá kì í bọ àpò.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Kò pè é ní Ẹ̀gbọ́n.

"Káàárọ̀."

Fọ́máànù ti wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún. Ó ṣí àgádágodo. Bàbá Pẹrẹsẹ bu omi èéfín, ó kán an sójú awò. Ògidì. Ó gun orí ìjókòó, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ní omi kò dára. Ó wo awò, ó wo kọ̀ǹpútà. Iná pupa náà ń tàn níwájú rẹ̀ gan-an, kò sá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun pẹ̀lú rẹ̀ fojú kanra, ṣùgbọ́n dípò kí ọ̀rọ̀ yé e, ńṣe ló tún dàrú sí i. Omi kan náà, lákòókò kan náà, ó dára lójú awò, kò dára lójú sẹ́ńsọ̀.

"Ẹ ti rí i báyìí," ni fọ́máànù wí.

Bàbá Pẹrẹsẹ fẹ́ ráyè ronú. Ó gbé sípánà lé ilẹ̀ inú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ láti ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, "Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sórí..." Sípánà yẹn sì yọ̀ lọ sẹ́yìn, ó lu ìdí ìjókòó, gbàgà.

Ó wo sípánà náà. Ó wá mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìjókòó láti ìgbà tó ti gòkè, bí ẹni tó jókòó sínú àga ìnàyìn. Imú ẹ̀rọ wà lókè, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbàgbé orúnkún, ó lọ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì. Ìdajì tí fọ́máànù ní kí wọ́n máa bù ti sá lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó kó ara jọ síbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ wà ní igun iwájú, ó gbẹ tán. Láti òru, afẹ́fẹ́ ló ń tọ́ wò. Ó wá ń pariwo pé nǹkan tí wọ́n fún òun kì í ṣe omi èéfín. Òótọ́ ló ń sọ.

Bí wọ́n bá sì ti gbé e délẹ̀ pẹrẹsẹ, omi á padà wá bò ó, ẹjọ́ á tán. Ṣáájú àṣẹ ìdajì náà, ọjọ́ tí omi bá ti lọ sílẹ̀ nìkan ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Pẹrẹsẹ jókòó sórí òkúta. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó fi owó ara rẹ̀ dà, tó fi ìgò omi wọ̀n, orí rẹ̀ ni àìsàn ti máa ń sá mọ́ ọn lójú.

"Fọ́máànù," ó ní, "ẹ lọ gbé kẹ́ẹ̀gì omi èéfín kan wá."

"Kí n tún fi ta olè lọ́rẹ?"

"Ẹ gbé e wá, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín dà á. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án, Rọra ò ní fọwọ́ kàn án. Tí iná yìí ò bá kú lórí òkìtì níbí, ẹ kọ orúkọ tèmi sínú ìwé yẹn pẹ̀lú."

Fọ́máànù lọ, ó gbé e dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó da omi náà títí táǹkì fi kún dé ọrùn. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Iná pupa ṣì wà. Ìròyìn àtàwọn kan ti gòkè wá wòran. Wọ́n dúró. Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Fọ́máànù ti ń wo aago. Bàbá Pẹrẹsẹ kò wo iná, Rọra ló ń wò, Rọra sì ń wo ilẹ̀.

Iná kú.

Ìròyìn ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Àṣé ìdajì tí ẹ ní kí wọ́n máa bù yẹn, fọ́máànù..."

"Mo gbọ́," ni fọ́máànù wí. Ó wo àgádágodo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó gbé e fún òun. "Ṣùgbọ́n ta wá ni olè?"

"Kò sí."

"Kò sí bíi báwo?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ẹ ní kí ẹ̀rọ máa sùn lókè, ó ń sùn lókè. Ẹ ní kí omi wà ní ìdajì, ó wà ní ìdajì. Mo ní kó máa bọ̀ wá sórí pẹrẹsẹ, ó ń bọ̀ wá sórí pẹrẹsẹ. Rọra gbọ́rọ̀ sí gbogbo wa lẹ́nu, ohun tó fi fẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Fọ́máànù gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn òǹwòran tẹ̀lé e lọ, tó ku àwọn méjèèjì, Bàbá Pẹrẹsẹ dìde dúró.

"Rọra."

"Sà."

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Nílé rẹ, lójú àwọn èèyàn, mo ṣẹ̀ ọ́. Màá wá sọ ọ́ níbẹ̀ náà, lójú àwọn tó gbọ́ èkíní."

"Mo ti gbọ́, sà." Rọra ti gun orí ìjókòó. "Tipá ti ń dúró."

Ó lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi nínú àgbàlá, ó ké e kí ẹni tó wà nínú yàrá tó jìnnà jù lè gbọ́: àna òun kò jí nǹkan kan, òun ni òun sọ ohun tí òun kò mọ̀. Rọra fa àga fún un, ó nu ojú àga náà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò àti ti epo ni wọ́n sọ títí ó fi dìde. Ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà tó délé pé, "Ṣé ó ti tán nínú rẹ̀?" Ó ní òun kò mọ̀. Obìnrin náà gbé aṣọ gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó orúnkún fún un, kò sì sọ bóyá ó ti tán nínú tòun náà.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Rọra kò gbé Ọlọ́wọ́ Kan wá sórí pèpéle fúnra rẹ̀ mọ́. Bí nǹkan bá ṣe é, á ranṣẹ́ bíi ti gbogbo awakọ̀ yòókù: "Ẹ̀rọ wà lókè, sà." Kò sọ̀rọ̀ búburú, kò fa ojú ro. Bàbá Pẹrẹsẹ náà ti tún òfin rẹ̀ ṣe: yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ níbi tí àìsàn ti bá a, tó bá di ọ̀rọ̀ sípánà ni yóò tó ní kí wọ́n gbé e sórí pẹrẹsẹ. Òfin náà dára. Orúnkún nìkan ni kò fọwọ́ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tún ranṣẹ́ pé kó wá. Ó dé ìdí òkìtì, ó sì dúró. Ẹnì kan ti fi ẹnu ẹ̀rọ gbẹ́ àtẹ̀gùn sí ara òkìtì náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àtẹ̀gùn náà fẹ̀, kò ga, bí èyí tí wọ́n ń ṣe sílé àwọn arúgbó. Wọ́n ti fi ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà tẹ ojú ìkọ̀ọ̀kan wọn mọ́lẹ̀ títí tó fi rí pẹrẹsẹ. Ó gbé sípánà rẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́, ó wò ó. Sípánà náà kò yí.

Ó gbójú sókè. Rọra wà lórí ìjókòó Ọlọ́wọ́ Kan, ó kọjú sí òdìkejì, ó ń ké sí tipá kan: "Rọra, rọra, rọra!" Kò wo ẹ̀yìn rárá.

Bàbá Pẹrẹsẹ ń rò ó bóyá ìdáríjì ni ohun tó wà níwájú òun yìí, àbí Rọra kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rán an, àbí ó ń fi orúkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kúárì. Kò mọ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè so mọ́ ọn kó fi wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Orúnkún náà kò dún.